Bàbá Àgbà Mi àti Òpó Karùndínláàádọ́ta

Nígbà tí bàbá àgbà mi kú ní Minna, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo jókòó sórí ẹní láàrin àwọn obìnrin ilé, mo ń dáhùn pé "Àmín, ẹ ṣé, a ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín," ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé òkú ẹlòmíràn ni wọ́n ń ròyìn. Bàbá àgbà kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Alágídí ni. Ó lè bá èèyàn jiyàn lórí iye ẹ̀pà tó wà nínú ìkúùkù onítọ̀hún, yóò sì ní kó ṣí ọwọ́ kí àwọn jọ kà á. Mi ò ní torí pé ó ti kú kí n wá sọ ọ́ di ẹni tí kì í ṣe.

Ìlọrin ni wọ́n ti bí i, ní agboolé àwọn oníkéwú. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e dé Minna nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó máa ń yí irin níbi tí ọ̀nà ti pínyà, kí ọkọ̀ tó ń lọ sí Kano má baà ya sí ọ̀nà Baro. Ó ṣe iṣẹ́ yìí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìgbà tí mo fi gbọ́njú mọ̀ ọ́n, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Hausa àdúgbò wa kò jáwọ́ nínú pípè é ní Baban Jirgi, bàbá ọkọ̀ ojú irin. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju tirẹ̀ lọ.

Kò ní aago, kò sì fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ ojú irin ni aago rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ọ̀sán bá kọjá ló tó máa ń jẹun ọ̀sán, bí ọkọ̀ náà bá sì pẹ́ wákàtí méjì, oúnjẹ náà á pẹ́ wákàtí méjì. Ìyá àgbà á gbé àwo sílẹ̀, á bò ó, á ṣí i, á tún bò ó, títí tí sùúrù rẹ̀ á fi tán.

"Haba, Bàbá Yínúsà! Ṣé inú ọkọ̀ yẹn ni ikùn yín wà ni?"

Bàbá àgbà á dẹ etí sí ọ̀nà àríwá bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, á wá sọ pé, "Ó ń bọ̀. Ó ti kúrò ní Zungeru."

Ìrìn rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn lórí àwọn igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìgbésẹ̀ mìíràn mọ́. Bí ilẹ̀ tẹ́jú tó ọjà, gígùn kan náà ni ìgbésẹ̀ rẹ̀ máa jẹ́. Bí a bá jọ ń lọ sí Kpakungu, tó jẹ́ oko nígbà náà, láti lọ wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀, bí mo bá rìn, mo máa rẹ̀yìn, bí mo bá sì sáré, mo máa ṣíwájú. Mo ní kó dẹsẹ̀ díẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ìwọ ni kó o na ẹsẹ̀ tìrẹ."

Nínú ọ̀rọ̀ kíkà, kò sí àánú lójú rẹ̀ rárá. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Minna, Hausa ló yá wa lẹ́nu jù. Ɗaya, biyu, uku la fi ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, òun la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà. Bàbá àgbà kò ní kí a má sọ Hausa, òun gan-an ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí Kano, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìṣirò, Yorùbá ló fẹ́ gbọ́. Ó ní Yorùbá kì í wo ibi tí nǹkan dé, ibi tí ó ń lọ ló ń wò. Ẹni tó bá pe márùndínláàádọ́ta ti fojú sí àádọ́ta ná, ó wá mú márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá bi wá pé kí ni ọ̀kàndínlógún lọ́nà méje, kò fẹ́ kí a máa jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Ogún lọ́nà méje, ogóje. Mú méje kúrò, ó ku mẹ́tàléláàádóje. Ó parí. "Sún mọ́ ọn," ni ó máa ń wí, "kí o tó dín in."

Ọsàn ló fi ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Á béèrè ìbéèrè, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ bó ọsàn, èèpo náà á máa gùn wálẹ̀ láìjá. Ẹni tí kò bá dáhùn kí èèpo tó kanlẹ̀ kò ní jẹ nínú ọsàn náà. Ọ̀pọ̀ ọsàn ni mi ò jẹ. Kò gbà kí a mú pẹ́ńsù dání, nítorí ó gbà pé pẹ́ńsù máa ń mú ọpọlọ sùn. Mo jí ọ̀kan mú wá lẹ́ẹ̀kan, mo fi pamọ́ sábẹ́ itan, ó rí i, kò bínú. Ó kàn sọ pé, "Kí o tó rí ibi tí wàá kọ ọ́ sí, ọkọ̀ ti lọ."

Ìjà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ ni tòun àti hẹdimásítà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọjọ́ Àtàláátà ni wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin. Bàbá àgbà sọ fún hẹdimásítà pé ọjọ́ kẹjọ la máa sọ ọ́ lórúkọ, kó wá bá wa jẹ ẹran. Ọ̀mọ̀wé ni hẹdimásítà. Ó fi ẹ̀jọ lé Àtàláátà, ó bọ́ sí Àlàrùbá. Àwa sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ Àtàláátà, a jẹ, a mu, a palẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, hẹdimásítà wọ agbádá funfun, ó gbé adìyẹ kan dání, ó bá Ìyá àgbà níbi tó ti ń fọ ìkòkò.

Ojú tì í, ó sì fi ìbínú bo ìtìjú náà. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ kà á wò fúnra yín. Láti Àtàláátà sí Àtàláátà, ọjọ́ méje péré ni."

Bàbá àgbà gba adìyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kó má baà gbé e padà. Ó wá bi í léèrè pé, "Hẹdimásítà, ṣé ọmọ náà kò sí láyé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni?"

Àwọn méjèèjì jiyàn títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Hẹdimásítà jẹ ọbẹ̀ àjẹkù, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni ọ̀rọ̀ náà wá dà lé lórí. Ní kíláàsì wa lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà béèrè pé ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, èmi ọmọ Baban Jirgi fò dìde, mo ní mẹ́jọ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè mí ní "Mẹ́jọ" fún oṣù kan gbáko. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu nínú ara mi pé kíka ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn yìí, ti ilé wa ni, mi ò ní gbé e dé súkúù mọ́. Mi ò sọ fún Bàbá àgbà.

Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú òmìnira, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ dá ìdíje ìṣirò sílẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè wa. Ọmọ mẹ́ta ni ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa mú wá. Ilé ẹ̀kọ́ méjì á kojú ara wọn, ẹni tí wọ́n bá nà á lọ sílé, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tíṣà ìṣirò wa lọ sí Kontagora, hẹdimásítà kò sì rí ẹni tí yóò kọ́ wa. Ó gbé agídí rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá ọkùnrin tó jẹ adìyẹ rẹ̀.

Èmi, Dàúdà àti Káyọ̀dé ni wọ́n mú. Dàúdà jẹ́ ọmọ Gbagyi, ọpọlọ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Káyọ̀dé jẹ́ ọmọ awakọ̀ ojú irin, kì í yára, ṣùgbọ́n kì í ṣì í. Ní tèmi, ẹnu ni mo ní, nítorí náà èmi ni wọ́n fi ṣe olórí, tó máa nawọ́, tó sì máa dáhùn. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn súkúù, a ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, Bàbá àgbà á mú ọ̀bẹ àti ọsàn. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀, láti ojú irin ni: ọkọ̀ kan kúrò ní ibí, òmíràn kúrò ní ọ̀hún, níbo ni wọ́n ti máa pàdé? Dàúdà béèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé kò sí ìṣirò tí kò ní ọkọ̀ nínú ni. Bàbá àgbà ronú sí i dáadáa. Ó ní, "Ó lè wà. Mi ò tíì rí i."

A na ilé ẹ̀kọ́ kan ní Minna níbí. A wọ ọkọ̀ lọ sí Zungeru láti lọ kojú àwọn tibẹ̀, Káyọ̀dé sì ń bì látìgbà tí ọkọ̀ ti ṣí títí a fi dé. Hẹdimásítà fẹ́ẹ̀ sunkún, ó ń sọ pé ọmọ náà kò ní lè dìde dúró. Bàbá àgbà nu ẹnu Káyọ̀dé, ó wo ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Ó ti bì í tán. Ó ku kó dáhùn." Káyọ̀dé dáhùn, a sì na Zungeru. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé àṣekágbá, àwọn ọmọ Bida sì ni a ó jọ pàdé.

Ní àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ tèmi le. Bàbá mi, Yínúsà, tó jẹ́ télọ̀ ní Sabon Gari, ti pinnu pé bí mo bá ti parí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó tó. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní Ìlọrin tó ń hun òfì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa lọ, màá kọ́ iṣẹ́, wọn á sì fà mí fún ọkọ. Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Ohun tí gbogbo ará ilé ń fi ọmọbìnrin ṣe náà ló fẹ́ fi mí ṣe. Èmi ni mi ò fẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ́ lọ. Mo sunkún títí, ẹkún náà kò ran nǹkankan.

Bàbá àgbà ló bá bàbá mi ṣe àdéhùn, níwájú hẹdimásítà. Ó ní, "Yínúsà, bí àwọn ọmọ yìí bá gba ife, jẹ́ kí Àmọ̀kẹ́ lọ síbi tó fẹ́ lọ. Bí wọn ò bá gbà á, mi ò ní dá sí i mọ́." Àmọ̀kẹ́ ni oríkì mi, òun nìkan ló sì ń fi í pè mí; Rábì ni àwọn yòókù ń pè mí.

Ó dá bàbá mi lójú pé a ò lè na Bida. Ó yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, ó ní, "To, shikenan. Mo gbà, Bàbá."

N óò sọ ti Malam Audu kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Bida. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ọkùnrin kan máa ń wá jẹun pẹ̀lú Bàbá àgbà, ó ń tiro ní ẹsẹ̀ òsì. Mo rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ìyá àgbà ló sọ fún mi. Nígbà tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá àgbà ka àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ kan fà wọlé, ó sì gbàgbé láti ka èyí tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí iye tó kà pé, ó rò pé gbogbo wọn ti kọjá ibi tí irin ti pínyà. Ẹyọ kan kù síbẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn wá gbá a, Audu sì wà nítòsí. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣì í kà. Bàbá àgbà ló lọ fúnra rẹ̀ sọ fún ọ̀gá òyìnbó. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé òótọ́ ni. Ó ń wo ẹsẹ̀ Malam Audu bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀kan péré ni."

Ọjọ́ àṣekágbá, gbọ̀ngàn náà kún débi pé àwọn ìyá wa gba ojú fèrèsé wòran. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé tán, kò jáde tán. Alábòójútó ẹ̀kọ́ kan láti Kaduna ló ń ka ìbéèrè láti inú ìwé kan, ìdáhùn sì wà nínú ìwé kan náà. Ife wà lórí tábìlì. Kò tóbi, àmọ́ mo rí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́bìnrin nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

A ń lé wọn, wọ́n ń lé wa. Nígbà tó ku ìbéèrè kan ṣoṣo, máàkì wa dọ́gba. Ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ló máa dáhùn, bó bá sì gbà á, ó parí.

Alábòójútó kà á: wọ́n ri òpó wáyà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin fún máìlì kan gééré. Òpó kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀, òpó kan wà ní ìparí, ogójì yáàdì sì ni àlàfo tó wà láàrin òpó kan sí èkejì. Òpó mélòó ni gbogbo rẹ̀?

Ara mi ya gágá. Ọ̀rọ̀ ojú irin! Máìlì kan, ẹgbẹ̀sán yáàdì ó dín ogójì ni. Ogójì nínú ẹgbẹ̀sán, ọ̀nà márùndínláàádọ́ta. Mo ti sún mọ́ ọn, mo wá dín ogójì yẹn, ọ̀kan kúrò, ó ku mẹ́rìnlélógójì. Dàúdà fọwọ́ kàn mí lábẹ́ tábìlì, ó fẹ́ sọ nǹkan, ọwọ́ mi ti wà lókè.

"Mẹ́rìnlélógójì, sà."

Alábòójútó wo ìwé rẹ̀. Ó ní mo gbà á.

Ariwo sọ. Ọmọ Bida kan tó ń jẹ́ Ndàgí ṣì na ọwọ́ sókè, ó ń sọ pé, "Márùndínláàádọ́ta ni, sà, márùndínláàádọ́ta ni." Àwọn èèyàn fi í rẹ́rìn-ín. Alábòójútó ní kó jókòó. Káyọ̀dé ti dì mọ́ mi, hẹdimásítà ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe kó lè lọ gba ife. Ní ìgbà náà ni mo rí Bàbá àgbà tó dìde láàrin èrò. Mo rò pé ó fẹ́ jó ni.

Hausa ló sọ, kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. "Yaron nan gaskiya ya faɗa." Ó ní òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ.

Hẹdimásítà fà á láṣọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Wọ́n ti fún wa."

"Ohun tí kì í ṣe tiwa ni wọ́n fún wa."

Ó rìn lọ síwájú pẹ̀lú ìgbésẹ̀ rẹ̀ yẹn. Ó kí alábòójútó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, kó ya àwọn ìka rẹ̀. Alábòójútó rò pé àwàdà ni, ó nà á. Bàbá àgbà ní kó ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ márùn-ún. Ó ní kó wá ka àlàfo tó wà láàrin wọn. Ó jẹ́ mẹ́rin.

"Mẹ́rìnlélógójì, àlàfo nìyẹn," ni Bàbá àgbà wí. "Ẹ béèrè òpó. Mo ti rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, Malam. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí ti àkọ́kọ́."

Alábòójútó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wo ìwé, ó tún wo ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló mú pẹ́ńsù, ó fa igi lé ìdáhùn tó wà nínú ìwé náà. Ó ní ìwé ló ṣì í, èmi náà sì ṣì í, Bida ló gba ife.

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn. Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi. Ó ti kọ́ mi kí eyín mi tó ká tán, mo sì ti jù ú nù nítorí ẹ̀rín àwọn ọmọ kíláàsì.

Níta, kò sí ẹni tó kí Bàbá àgbà. Ìyá Káyọ̀dé sọ ọ́ sókè kó lè gbọ́ pé, "Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi há ọwọ́." Bàbá mi wo èmi, ó wo bàbá rẹ̀, ó yí padà, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bá gbé ẹnu mi dé, ẹnu tí wọ́n torí rẹ̀ fi mí ṣe olórí.

"Bàbá àgbà, ẹ tà mí! Ẹ mọ ohun tó wà nídìí ife yẹn, ẹ sì tà mí!"

Kò ní kí n má pariwo mọ́ àgbà. Ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Ó ní, "Òpó náà wà níbẹ̀, Àmọ̀kẹ́."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi. Ní ilé, mo ń kí Bàbá àgbà láàárọ̀ torí pé ẹni tí kò bá kí àgbà kò ní jẹun, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kí i tán, ó tán. Ó bó ọsàn fún mi lọ́jọ́ kan, mo ní inú ń run mí. Ó jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó ní ó dùn.

Ó ku ọjọ́ mélòó kan kí n wọ ọkọ̀ Ìlọrin ni bàbá mi wọlé ní ọ̀sán gangan, ó dúró ti ẹrù mi, ó ní, "Tú u. Wàá lọ ṣe ìdánwò súkúù olùkọ́ yẹn." Mo béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ti rò ó. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo súre fún un bí ìyá àgbàlagbà. Mo ní òun nìkan ló fẹ́ràn mi nínú ilé yìí. Bàbá àgbà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́. Mo fẹ́ kó gbọ́.

Mo lọ sílé ẹ̀kọ́ náà. Bí mo bá wálé fún ìsinmi, mo máa ń ra nǹkan fún bàbá mi, fún ìyá mi àti fún Ìyá àgbà. Mo ń ra ti Bàbá àgbà náà, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ni mo ń gbé e fún kó bá mi fún un. Ó máa ń bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ mi. Màá ní ìṣirò. Á ní, "To." Ọ̀rọ̀ wa nìyẹn fún bí ọdún márùn-ún.

Ohun tó tún bí mi nínú ni Ndàgí. Nígbà tó dàgbà, ó rí iṣẹ́ akọ̀wé sí Minna, kò sì sí Iléyá tí kì í wá kí Bàbá àgbà. Àwọn méjèèjì á jókòó, wọn á máa rojọ́, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó gba ife mi lọ ló tún ń jẹ ẹran Iléyá wa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá àgbà lọ́jọ́ kan tí ara mi kò gbà á mọ́. Ó ní, "Kò gba ife rẹ. Ó ka òpó ni."

Mo ti di tíṣà ní abúlé Maitumbi nígbà tó kú. Ó kírun òwúrọ̀, ó jókòó, kò dìde mọ́. Wọ́n sin ín kí ọkọ̀ ọ̀sán tó dé. Mi ò sunkún. Àwọn obìnrin ń wò mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí àlejò dínkù, mo bá bàbá mi níbi tó ti ń ká àwọn aṣọ olóògbé. Mo ń ràn án lọ́wọ́. Bóyá torí kí n lè dá ara mi láre ni mo ṣe sọ ọ́, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí kì í bá ṣe pé ẹ yí ọkàn padà, ìdí òfì ni ǹ bá wà lónìí."

Ó fi ẹ̀wù tó ń ká sílẹ̀.

"Rábì, èmi kọ́," ló wí. "Ó ti mú mi búra, àmọ́ ó ti lọ báyìí. Ọjọ́ kẹta ìdíje yẹn, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ dìde kí i, ó ní kí n jókòó. Ló bá kúnlẹ̀."

"Ta ló kúnlẹ̀?"

"Bàbá mi. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ fún mi láàrin àjákù aṣọ. Mo fò dìde, mo fẹ́ gbé e, mo rò pé ilẹ̀ máa gbé mi mì. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó ní ọwọ́ ara òun lòun fi ba àdéhùn jẹ́, òun ò ní ẹnu tí òun á fi bá mi jiyàn mọ́, orúnkún nìkan ló kù fún òun."

Mi ò lè káṣọ mọ́. Mo béèrè pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ kí n mọ̀, ní gbogbo ọdún tí mi ò fi bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ.

"Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní bí o bá gbọ́, wàá rò pé òun kábàámọ̀ òótọ́ tí òun sọ."

"Ṣé kò kábàámọ̀ ni?"

Bàbá mi mi orí. "Kò kábàámọ̀," ló wí. "Ó kàn ń sunkún ni."